Apá Wo?

Lẹ́tà náà ti lo ọjọ́ mọ́kànlá lára fíríìjì,
òòfà tó rí bí ọsàn ló dì í mú.
Wọ́n gé Moróunkẹ́ kúrú, wọ́n kọ “Moroun”:
ohun tí a rí wà níbẹ̀,
kíkẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé.
Sátidé, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú,
ní gbọ̀ngàn kan ní Chatham
tí a ti máa ń dìbò.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọláìtán pè láti Ṣakí lóru:
“Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ dánra wò.
Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.”
Mo ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.
Òwe méjèèjì dára.
A dákẹ́, owó ìpè ń jó lọ.
Mo ní, “Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ fún yín?”
Ó ní, “Gbogbo ayé.”
Mo mọ gbogbo ayé náà: fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta,
ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun
tí ẹnì kankan ò mọ ilé ìwòsàn rẹ̀.

Fọláhànmí ọmọ mi, tó ń kọ́ ìṣirò ní Coventry,
fi àwòrán ilà gíga, ilà kúkúrú ránṣẹ́.
“Màámi, èyí tó ga yẹn làwọn tí kò gbà á.”
Mo wò ó títí.
Ó jọ àtẹ̀gùn tí bíríkìlà sá fi sílẹ̀.

Pásítọ̀ wàásù lórí Súùmù:
ó ní ìgbàgbọ́ ni, ó tún ní ọgbọ́n ni,
ẹ̀rọ rẹ̀ já kó tó mú ọ̀kan.
Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní òun ò fipá mú ẹnikẹ́ni,
ó sì gbé bírò sórí fọ́ọ̀mù.

Kò sí ẹni tó dárúkọ Wilf nínú gbogbo wọn.
Wilf yàrá kẹrìnlá,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì kan irin mọ́ ọkọ̀ ojú omi.
Láràárọ̀ ló máa ń bi mí:
“Omi ń kún ni, àbí ó ń fà?”
Kí ni mo mọ̀ nípa omi Medway?
Mo lọ kọ́ ọ nítorí rẹ̀, mò ń wo àkókò rẹ̀ nínú fóònù
kí n tó wọ bọ́ọ̀sì.
Oṣù kẹrin ló lọ.
Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo wúkọ́ díẹ̀.
Mo pè é ní òtútù.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Èmi náà ò sọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo bọ́ṣọ láti wẹ̀,
mo rí àpá ara apá mi òsì,
róbótó, bí ẹni fi ẹnu bírò tẹ ẹ́.
Ilé ìwé wa ní Ṣakí: a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú oòrùn,
ìyá mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè,
ó kàn ní kí n má wo abẹ́rẹ́.
Lámídì fò jáde lójú fèrèsé, ó wọgbó.
A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jáde ìwé mẹ́fà,
a sì ń jowú rẹ̀.

Sátidé, òjò winniwinni.
Nọ́ọ̀sì náà kéré sí ọmọ mi.
Ó bi mí pé apá wo.
Ìbéèrè kékeré ni lójú tirẹ̀.
Apá Ọláìtán? Apá Fọláhànmí?
Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù òsì sókè,
ó rí àpá àtijọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú,
ó wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì: Ọláìtán ni.
Mo jẹ́ kó gbọ̀n tán.
Lẹ́yìn náà ni mo yọ ọ́ jáde, mo wo àkókò omi.
Á kún ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Mo wí i jẹ́jẹ́, sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.